Ó Jó ni tàbí Ó Jò? Ohùn, Ọ̀rọ̀-ìṣe àti Wíwá Àléébù Iná nínú Hítà Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ ní Atakpamé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe ń fi èdè Yorùbá ròyìn àléébù iná nínú hítà tó ń mú omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ gbóná. Mo ṣàlàyé bí hítà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń wá àléébù rẹ̀. Mo sì fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan bíi jó, jò, kán, kàn, dé, dẹ̀, gbé àti gbẹ ni ó ń ya àléébù kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Bí a bá kọ wọ́n láìsí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ìròyìn náà á di pọ́nna, ẹ̀mí ẹni tó wà nínú omi sì lè tibẹ̀ bọ́ sínú ewu. Ní ìparí, mo dábàá ọ̀nà mẹ́rin tí ẹni tó ń fi fóònù kọ ìròyìn lè gbà yẹra fún pọ́nna náà.

1. Ìfáàrà

Atakpamé jẹ́ ìlú kan láàárín òkè ní agbègbè Plateaux, ní orílẹ̀-èdè Tógò. Ibẹ̀ ni àwọn Ifè, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Ana, ti ń sọ èdè Ifè. Èdè yìí bá Yorùbá tan, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì máa ń kà á mọ́ àwọn èdè ẹbí tí wọ́n ń pè ní Ede. A ń gbọ́ Èwè àti Faransé níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti Nàìjíríà àti Benin wá sì ń sọ Yorùbá láàárín ara wọn. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìròyìn pé ẹ̀rọ kan ti dẹnu kọlẹ̀ lè gba èdè méjì tàbí mẹ́ta kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe.

Ẹni tó mọ Tógò lè béèrè pé kí ni a fẹ́ fi hítà ṣe ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé hítà adágún kò pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òtútù alẹ́ máa ń mú omi tó wà ní gbangba, àwọn ilé-àlejò tó ní adágún sì lè fẹ́ kí omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Yàtọ̀ sí èyí, irú kọ́ìlì, bíréékà àti wáyà ilẹ̀ tó wà nínú hítà adágún ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú omi balùwẹ̀ gbóná nínú ọ̀pọ̀ ilé. Mo mú ti adágún nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan ti lè léwu jù: gbogbo ara ènìyàn ló wà nínú omi.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó yẹ kí ó wà nínú gbólóhùn Yorùbá kan kí oníṣẹ́ iná tó wà lọ́nà jíjìn tó lè mọ ohun tí yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe?

2. Iná ní agbègbè Atakpamé

Iná mànàmáná kì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí. Láàárín 1911 sí 1914, nígbà tí Tógò wà lábẹ́ ìjọba Jámánì, ilé-iṣẹ́ Telefunken kọ́ ibùdó rédíò ńlá kan sí Kamina, nítòsí Atakpamé, kí ó lè máa bá ibùdó Nauen tó wà nítòsí Berlin sọ̀rọ̀. Ibùdó náà ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń pèsè iná fún un. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ló bà á jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó àti Faransé tó ń bọ̀. Ní 1987, ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí kò jìnnà sí Atakpamé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agbára rẹ̀ jẹ́ 65 MW, àjọ CEB tí Tógò àti Benin jọ dá sílẹ̀ ní 1968 ló sì ń bójú tó o.

Kamina ní ẹ̀kọ́ kan fún wa. Àmì Morse ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ níbẹ̀, ìró kúkúrú àti ìró gígùn ni Morse sì fi ń ya lẹ́tà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí ìyàtọ̀ gígùn bá sọnù lójú ọ̀nà, ìró á ṣì dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán kò dé. Ohun tí gígùn ìró ń ṣe nínú Morse ni ohùn ń ṣe nínú Yorùbá. Bí a bá kọ Yorùbá láìsí àmì, lẹ́tà á dé, ìtumọ̀ lè má dé.

3. Bí hítà náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Hítà tí mo ń sọ níhìn-ín ni èyí tó ń fi kọ́ìlì mú omi gbóná. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pe kọ́ìlì náà ní résistance. Wáyà tínńrín kan ni, tí a fi sínú páìpù irin kékeré. Lẹ́búlẹ́bú funfun kan, tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, ni a fi ya wáyà náà sọ́tọ̀ kúrò lára irin. Omi ń ṣàn lẹ́yìn irin náà, ooru sì ń bọ́ sínú omi. Níwọ̀n ìgbà tí lẹ́búlẹ́bú náà bá gbẹ, tí irin kò sì lu, iná kò lè kan omi.

Kí iná tó dé orí kọ́ìlì, ó ní àwọn ẹnu-ọ̀nà tí yóò gbà kọjá:

(a) Bíréékà, tó ń gé iná nígbà tí iná tó ń kọjá bá pọ̀ jù.

(b) Bíréékà kejì tí wọ́n ń pè ní différentiel ní Tógò. Èyí ń fi iye iná tó jáde lórí wáyà láìfù wé iye tó padà lórí nútúrà. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá tó 30 mA, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kíákíá, nítorí ìyàtọ̀ náà túmọ̀ sí pé iná ń gba ibòmíràn lọ. Ibòmíràn náà lè jẹ́ ilẹ̀, ó lè jẹ́ omi, ó sì lè jẹ́ ara ènìyàn.

(d) Kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn súwíìṣì ńlá tí iná kékeré ń pa dé tàbí ṣí.

(e) Súwíìṣì ìṣàn omi, tí kì í jẹ́ kí kọ́ìlì gbóná bí pọ́ǹpù kò bá ti omi kọjá.

(ẹ) Tẹ́mósítáàtì, tó ń wo bí omi ti gbóná tó, àti súwíìṣì àpọ̀jù ooru, tó máa ń gé iná pátápátá bí ooru bá kọjá ààlà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í sábà padà fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣirò díẹ̀, nítorí pé ó wúlò níwájú. Kọ́ìlì tó jẹ́ 3 kW lórí iná 230 V máa ń fa iná tó tó 13 A, ìtakò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 17.6 Ω. Bí hítà bá ní irú kọ́ìlì mẹ́ta bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ 9 kW.

4. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń fa ìdàrú ni iná fúnra rẹ̀. Nínú Yorùbá ọjọ́ gbogbo, iná lè jẹ́ ohun tó ń jó igi, ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù, ó sì lè jẹ́ agbára tó ń gba inú wáyà wá. Ẹ wo gbólóhùn (1):

(1) Kò síná nínú hítà.

Ẹni tó sọ ọ́ lè ní lọ́kàn pé iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, pé gílóòbù kékeré ojú ẹ̀rọ kò tàn, tàbí pé ẹ̀rọ kò mú omi gbóná. Ìtumọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ń tọ́ka sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, bíréékà ni a ó kọ́kọ́ wò. Nínú ti èkejì, ó lè jẹ́ gílóòbù náà nìkan ló kú. Nínú ti ẹ̀kẹta, pọ́ǹpù àti tẹ́mósítáàtì ni ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé kí a wá ọ̀rọ̀-orúkọ tuntun fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé Yorùbá ti ní ojútùú kan tẹ́lẹ̀, ojútùú náà sì wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe. A máa ń sọ pé iná lọ, iná dé (ti inú wáyà). Iná tàn, iná kú (ti ìmọ́lẹ̀). Iná ràn, iná jó nǹkan (ti èyí tó ń sun nǹkan). Iná gbé ènìyàn (ti inú wáyà, nígbà tó bá kan ara). Olùwà kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ irú iná tí à ń wí. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá di pọ́nna, kò sí ohun tó kù láti gbára lé.

5. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ohùn tàbí fáwẹ́lì yà sọ́tọ̀

5.1 Jó àti jò

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Jó, olóhùn òkè, ni kí iná sun nǹkan. Jò, olóhùn ìsàlẹ̀, ni kí nǹkan máa gba ojú ihò jáde, bí òrùlé ṣe ń jò. Àwọn oníṣẹ́ iná ti mú jò kọjá omi: bí iná bá ń gba ibi tí kò yẹ lọ sínú irin tàbí ilẹ̀, wọ́n lè sọ pé iná ń jò. Àfiwé náà bá a mu gan-an, nítorí pé différentiel ń ṣe bí ẹni tó fi omi tó jáde nínú kànga wé omi tó dé inú ìkòkò.

(2) Kọ́ìlì ti jó.
(3) Kọ́ìlì ti ń jò.

Nínú (2), wáyà inú kọ́ìlì ti gé. Iná kò lè kọjá mọ́, omi kò sì ní gbóná. Nínú (3), irin kọ́ìlì ti lu tàbí kí omi ti wọ inú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Omi lè máa gbóná dáadáa, kí àléjò má sì rí àbùkù kankan, ṣùgbọ́n iná ti ń kan omi. Àléébù tó dákẹ́ yìí ló ń pani.

Ẹ gba àpẹẹrẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ẹ̀ṣọ́ ilé-àlejò kan ní Atakpamé fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ iná, bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀:

(4) E kaaro oga. E joo, hita piscine n jo. Ki ni ki a se?

Ìtumọ̀ mẹ́ta ni hita n jo ní. Hítà ń jó: iná ń sun ún lọ́wọ́lọ́wọ́. Hítà ń jò: omi ń kán láti ara rẹ̀. Hítà ń jò, ní èdè oníṣẹ́ iná: iná ń gba ara rẹ̀ lọ sínú omi. Ohun tó yẹ kí a ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Fún ti àkọ́kọ́, a ó gé iná, a kò sì gbọ́dọ̀ da omi sí i. Fún ti èkejì, a ó gé iná, a ó dá pọ́ǹpù dúró, a ó sì ti fáàfù. Fún ti ẹ̀kẹta, gbogbo ẹni tó wà nínú adágún gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, kí a gé iná, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan àkàsọ̀ irin. Ìdáhùn oníṣẹ́ iná náà bọ́gbọ́n mu:

(5) Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ pa bíréékà rẹ̀, kí gbogbo èèyàn jáde nínú omi. Ṣé èéfín lẹ rí ni, àbí omi ló ń kán sílẹ̀, àbí ó ń gbé èèyàn?

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe. Kò béèrè ohùn lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà. Ó pa àṣẹ tó bá ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ṣáájú, lẹ́yìn náà ló wá fi èéfín, omi àti gbígbé ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀.

A lè rò pé ibá á ràn wá lọ́wọ́: pé jó a máa bá ti rìn, jò a sì máa bá ń rìn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Jíjó kọ́ìlì jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí, ibá aṣetán sì bá a mu. Jíjò jẹ́ ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ibá atẹ́rẹrẹ sì bá a mu. Ṣùgbọ́n (4) fi hàn pé èyí kò tó, nítorí pé iná lè máa jó nǹkan lọ́wọ́lọ́wọ́. Ibá ń dín pọ́nna kù, kò mú un kúrò.

5.2 Kán àti kàn

Wáyà tó le lè kán bí igi. Wáyà méjì sì lè kàn. Wáyà ti kán túmọ̀ sí pé ọ̀nà iná ti gé. Wáyà ti kàn túmọ̀ sí pé láìfù ti fara kan nútúrà tàbí irin. Ní ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ní ti èkejì, bíréékà á bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ gírámà á rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: wáyà kan irin, ṣùgbọ́n wáyà kàn án. Òfin yìí wúlò fún wa. Bí a bá fi àbọ̀ sí i, tí a kọ waya kan irin, kán kò tún ṣeé kà síbẹ̀, nítorí pé kán tí à ń sọ yìí kì í gba àbọ̀. Àbọ̀ nìkan ti ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀, kódà láìsí àmì ohùn.

5.3 Dé, dẹ̀, gbé, gbẹ, kún, kùn

Nínú dé àti dẹ̀, àti nínú gbé àti gbẹ, fáwẹ́lì pẹ̀lú ohùn ló yàtọ̀. Iná ti dé: iná ìjọba ti padà. Ojú wáyà ti dẹ̀: ìdè rẹ̀ kò le mọ́. Ìdè tó dẹ̀ léwu, torí pé ibẹ̀ ni ooru ń kó jọ sí títí rọ́bà wáyà á fi dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gbé (iná ń gbé ènìyàn) àti ó ti gbẹ (omi kò sí nínú páìpù). Ẹni tó ka gbé sí gbẹ á lọ máa wá omi, nígbà tó yẹ kí ó máa kó àwọn ènìyàn kúrò nínú adágún.

Kún àti kùn náà wà. Páìpù ti kún, a lè tan pọ́ǹpù. Kọ́ńtákítọ̀ ń kùn: iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó láti fà á dé dáadáa, tàbí pé ìdọ̀tí wà lójú rẹ̀. N kun láìsí àmì kò sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Lẹ́tà ẹ àti ọ wa ń di ɛ àti ɔ nínú ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń lò fún àwọn èdè Tógò àti Benin. Nítorí lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìyàtọ̀ fáwẹ́lì kì í tètè sọnù níbẹ̀ bí àmì ìsàlẹ̀ ṣe ń sọnù lọ́dọ̀ wa. Ohùn ni ìṣòro àjọni: Ifè jẹ́ èdè olóhùn, Èwè náà jẹ́ èdè olóhùn, ọ̀nà ìkọ̀wé Èwè kì í sì í fi àmì sí gbogbo ohùn.

6. Bí a ṣe ń wá àléébù náà ní ìtẹ̀léra

Iṣẹ́ inú àpótí ẹ̀rọ jẹ́ ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná. Mo to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kí a lè rí bí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ṣe ń bá ìgbésẹ̀ kan lọ. Ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má sí nínú omi, kí a pa bíréékà, kí a tì í kí ẹlòmíràn má baà tan án, kí a sì fi tẹ́sítà wádìí pé iná ti lọ lóòótọ́.

Ìkíní: ṣé àléébù wà rárá? Adágún tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì jìn ní mítà 1.5 gba lítà omi 48,000. Kí omi náà tó fi ìwọ̀n 1 °C gbóná sí i, ó nílò yúníìtì iná bíi 56. Hítà 9 kW á lo wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ fún ìwọ̀n 1 náà, á sì lo nǹkan bíi wákàtí 31 fún ìwọ̀n 5, láì ka ooru tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ. Nítorí náà, “omi kò tíì gbóná” yàtọ̀ sí “omi kò gbóná mọ́”. Tíì àti mọ́ ń sọ ohun tí oníṣẹ́ iná nílò.

Ìkejì: ṣé iná dé, ṣé ó sì tó? Bí iná bá lọ sílẹ̀ láti 230 V sí 180 V, kọ́ìlì 3 kW kò ní ju nǹkan bíi 1.84 kW lọ, nítorí pé agbára ń bá ìsọdipúpọ̀ fóòtì pẹ̀lú ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́; iná ni kò tó.

Ìkẹta: ṣé omi ń ṣàn? Àsẹ́ tó dí, páìpù tó gbẹ tàbí pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ á mú kí súwíìṣì ìṣàn omi gé iná. Kí a fọ àsẹ́ kí a tó tú wáyà kankan.

Ìkẹrin: ṣé súwíìṣì àpọ̀jù ooru ti gé e? A lè tẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún gé, kí a má tẹ̀ ẹ́ mọ́; ohun kan ló ń mú kí ooru pọ̀ jù, òun ni a ó wá.

Ìkarùn-ún: kí a wo ojú wáyà àti kọ́ńtákítọ̀. Níhìn-ín ni a ń rí ìdè tó dẹ̀, rọ́bà tó dúdú, èèrà, àti ọmọńlé tó kú sáàárín irin méjì tí kò jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Ìkẹfà: kí a wọn kọ́ìlì lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà rẹ̀. Bí 3 kW bá fi nǹkan bíi 17.6 Ω hàn, ara rẹ̀ le. Bí tẹ́sítà bá fi hàn pé ọ̀nà ti gé, kọ́ìlì ti jó. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá jó, 6 kW ló kù, ohun tó gba wákàtí 31 á sì gba nǹkan bíi 46. Omi ṣì ń gbóná, ó kàn ń pẹ́ ni.

Ìkeje: kí a wọn ìjò iná láàárín kọ́ìlì àti irin. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń lo 500 V ni a fi ń ṣe é, lẹ́yìn tí a bá ti yọ àwọn bọ́ọ̀dù tí irú iná bẹ́ẹ̀ lè bà jẹ́. Ó yẹ kí ìtakò náà tó 1 MΩ, ó kéré tán. Ní 1 MΩ, ìjò náà kò ju 0.23 mA lọ lórí 230 V. Bí ó bá wálẹ̀ dé nǹkan bíi 7,700 Ω, ìjò ti di 30 mA, différentiel sì ti gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí omi bá ti mú kí ìtakò ara ènìyàn wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1,000 Ω, 230 V lè fi 230 mA gba inú rẹ̀ kọjá. Iye yẹn tó láti dá ọkàn dúró.

Èyí ló mú mi dúró lórí gbólóhùn kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu onílé: “Bíréékà yẹn ti bàjẹ́, ó kàn ń bọ́ sílẹ̀ ṣáá.” Bàjẹ́ àti bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Différentiel tó bọ́ sílẹ̀ ń jẹ́rìí sí i pé nǹkan kan ń jò. Ẹni tó bá pè é ní ohun tó bàjẹ́ á fẹ́ yọ ọ́, tàbí kí ó fi wáyà fò ó kọjá, kí omi lè gbóná. Omi á gbóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo tó wà láàárín ìjò náà àti ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ni ó ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

7. Àbá fún ẹni tó ń kọ ìròyìn

Kò sí bí a ṣe lè retí pé gbogbo ẹ̀ṣọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-àlejò á ní fóònù tó ń tẹ àmì ohùn, tàbí pé wọ́n á ní sùúrù láti tẹ̀ ẹ́. Àbá mi ni pé:

(i) Bí fóònù bá gba àmì, kí a fi sórí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó kéré tán. Hita n jò ti tó, bí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò tilẹ̀ ní àmì.

(ii) Bí kò bá gbà á, kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí yóò dí ọ̀nà mọ́ ìtumọ̀ kejì. Dípò o n jo, kí a kọ ina n jo sinu omi tàbí o n jo, eefin n jade. Dípò waya ti kan, kí a kọ waya kan irin.

(iii) Kí a sọ ohun tí a rí, tí a gbọ́, tí a gbóòórùn tàbí tí ara wa mọ̀, kí a tó sọ ohun tí a rò. “Mo fọwọ́ kan àkàsọ̀, ó ta mí lọ́wọ́” wúlò ju “hítà ti bàjẹ́” lọ.

(iv) Kí ẹni tó gba ìròyìn tún un sọ padà ní ọ̀rọ̀ mìíràn kí ó tó pàṣẹ, tàbí, bí ewu bá ń bẹ, kí ó kọ́kọ́ pa àṣẹ tó bá gbogbo ìtumọ̀ mu, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ iná inú (5) ti ṣe. Ohùn tí a fi ẹnu sọ sàn ju èyí tí a kọ: bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí, kí wọ́n pe ara wọn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àríyànjiyàn lórí àmì ohùn nínú Yorùbá ti pẹ́. Ohun tí a sábà máa ń fi gbè é lẹ́yìn ni ẹwà èdè, ìtọ́jú àṣà, tàbí ìrọ̀rùn fún ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà. Àwọn tó ń takò ó náà ní ìdí: wọ́n ní àyíká ọ̀rọ̀ máa ń yanjú pọ́nna fún ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹni tó máa ka ojo n ro kí ó má mọ̀ pé òjò ni, kì í ṣe ojo.

Ìròyìn àléébù iná kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àyíká ọ̀rọ̀ gan-an ni ẹni tó ń gbà á kò ní. Kò sí níbẹ̀, kò rí èéfín, kò gbọ́ ìkùn kọ́ńtákítọ̀. Jó àti jò sì jẹ́ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí hítà kan náà lọ́jọ́ kan náà. Níbi tí àwọn ìtumọ̀ méjèèjì bá ti ṣeé ṣe bákan náà, tí ìgbésẹ̀ wọn sì yàtọ̀, ohùn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ mọ́. Ó di apá kan ìròyìn náà, bí iye fóòtì ṣe jẹ́ apá kan ìwọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mú iṣẹ́ yìí síwájú lè wo iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, bíi ti mẹkáníìkì tàbí ti nọ́ọ̀sì, kí wọ́n wá àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ohùn yà sọ́tọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: bí a bá ṣì wọ́n kà, ta ni yóò san án?